Ìwé Ìròyìn Ọ̀fẹ́ àti Ẹni Tí Ń San Gbèsè Rẹ̀: Àyẹ̀wò Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

Nígbà tí Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Òǹkàwé ló ń sanwó. Ní 1995, ìwé ìròyìn Metro ní ìlú Stockholm gbé ẹrù náà lé àwọn olùpolówó ọjà lórí. Nígbà tí thelondonpaper àti London Lite tẹ̀ lé ìlànà yìí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Westminster ráhùn nítorí bébà tó kún ojú pópó. Àwọn méjèèjì kógbá sílé ní 2009.

Ní Festac Town, tí ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti 1977, àti ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin lápapọ̀, bí ó ti rí káàkiri Èkó, ìwé ìròyìn tí a kà tán, yálà a rà á tàbí a gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kì í tètè di ìdọ̀tí. Oníàkàrà àti onísúyà a máa fi wé ọjà wọn. Òótọ́ ni pé èyí ń dín pàǹtí kù, ṣùgbọ́n íńkì lè ràn mọ́ oúnjẹ gbígbóná tó lépo. Ìdí nìyí tí àjọ ààbò oúnjẹ ilẹ̀ Íńdíà fi kìlọ̀ ní 2016. Gbèsè tí òǹkàwé kò san ti di ti ọmọ tó ń jẹ àkàrà.

Èkó fòfin de abọ́ fóòmù ní 2024. Ó yẹ kí olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ létí pé ewé ni àwọn baba wa fi ń di oúnjẹ, kò sì ní íńkì.