Edùn Àrá àti Òkúta Ojú Ọ̀run

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Fìdítì, bí ọkọ́ àgbẹ̀ bá kan òkúta dídán tí ó rí bí ẹnu àáké, oníṢàngó ni a ó ránṣẹ́ pè. Edùn àrá ni. Ọba Kòso ni ó sọ ọ́ láti òkè wá. Bákan náà ni a gbà á ní Ìlọrà. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní tiwọn sọ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó lọ̀ wọ́n kí irin tó dé. Thurstan Shaw wa irú àáké bẹ́ẹ̀ jáde ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrun, ní 1965. N kò rò pé èyí sọ àwọn baba wa di òpùrọ́. Pé òkúta a máa já láti ojú ọ̀run, òtítọ́ gidi ni.

Ní oṣù October 1962, òkúta kan tí ó tó kílò 18 já sínú oko àgbàdo kan ní Zagami, ní ilẹ̀ Katsina, nítòsí àgbẹ̀ tí ó ni oko náà. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni a mọ̀ pé ara Mars ni ó ti ṣẹ́ wá, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rẹ̀ bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n kí afẹ́fẹ́ náà tó lè jáde, iná ni wọ́n fi yọ́ ọ. Ẹ̀rún tí a bá sì yọ́, ó ti lọ nìyẹn.

Ìtànṣán X, èyí tí ilé ìwòsàn fi ń wo egungun, kì í ba nǹkan jẹ́ báyìí. Nínú òkúta, àwọn átọ́ọ̀mù tò bí ebè nínú oko tí a fi okùn wọ̀n. Àlàfo tí ó wà láàárín ebè yàtọ̀ láti oko dé oko. Bẹ́ẹ̀ ni ti òkúta. Bí ìtànṣán bá wọlé, yóò ṣẹ́rí jáde ní ìhà tí àlàfo wọ̀nyí bá darí rẹ̀ sí, a ó sì mọ irú òkúta tí ó jẹ́. Laue ará Jámánì ni ó fi ọ̀nà yìí hàn ní 1912.

Ọ̀nà yìí ni àwọn ará Japan gbà ní ọjọ́ 13 oṣù June 2010 tí ọkọ̀ Hayabusa mú erùpẹ̀ Itokawa bọ̀. Hóró tí ó lé ní 1,500 ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Ta ni yóò kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kàn án? Ìtànṣán ni wọ́n fi wo inú àwọn hóró tí wọ́n yàn kí wọ́n tó gé èyíkéyìí. Èsì tí ó jáde ní 2011 parí àríyànjiyàn ọjọ́ pípẹ́: irú òkúta tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tí ń já lu ayé, ọ̀dọ̀ irú àwọn Itokawa ni wọ́n ti ń wá.

Edùn àrá kan wà ní ilé wa títí di òní. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tọrọ ẹ̀rún kan lára rẹ̀, ìyá mi àgbà kò dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàlàyé pé ìtànṣán lásán ni, kò ní ha á lára. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò gbé e lọ, àti ẹni tí yóò gbé e padà.