Láti Yábàá dé Òkè-Ògùn: Ilé-Iṣẹ́, Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ìkọ́ṣẹ́ Iná Mànàmáná

Ìfáàrà

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ bá ké sí ilé-ẹ̀kọ́ pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá wo bí a ṣe ń pèsè iná mànàmáná, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé àṣà tuntun ni. Àjọṣe náà ti pẹ́ ní Nàìjíríà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìbéèrè kan wà ní ìdí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ta ni ó ń pinnu ibi tí ìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò dé? A ó wo ìbéèrè yìí láti ojú Ìlúà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, àti Òkè-Ògùn tí ó yí i ká.

Ọ̀gá àti olùrànlọ́wọ́

Kí ilé-ẹ̀kọ́ ìwé tó dé, Yorùbá ní ètò ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀. Ní Ìṣẹ́yìn, ẹni tí ó ń kọ́ aṣọ òfì híhun a máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Bí ó bá kọ́ ọ yege, ọ̀gá a tú u sílẹ̀, òun náà a sì di ọ̀gá. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ń kọ́ṣẹ́ láti jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn títí ayé.

Ètò mìíràn ni ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ ní Yaba Higher College, tí wọ́n ṣí ní 1934. Olùrànlọ́wọ́ fún àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba, títí kan iṣẹ́ ẹ̀rọ, ni wọ́n fẹ́ kí ó máa pèsè. Agbanisíṣẹ́ ni ó fa ìlà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ kọjá. Ìbínú sí èyí wà lára ohun tí ó bí Lagos Youth Movement ní ọdún kan náà, nípasẹ̀ àwọn bíi Ernest Ikoli, J. C. Vaughan, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya.

Ìjìnnà gẹ́gẹ́ bí ìdènà

Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀nà mìíràn là. Òfin 1971 dá Industrial Training Fund sílẹ̀. Ní 1973, àjọ náà gbé SIWES kalẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè lo oṣù díẹ̀ ní ilé-iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ 748 láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga 11 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ ni òfin ní kí ilé-iṣẹ́ máa san sí àpò àjọ náà.

Ètò yìí dára, ṣùgbọ́n ó gbára lé ibi tí ilé-iṣẹ́ wà. Ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Òṣogbo àti Ìlọrin lọ sí òkè ọya. Kò ya Òkè-Ògùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà kò sì fi ibẹ̀ ṣe ibùdó. Nítorí náà, ọmọ Ìlúà tí ó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ ní owó ọkọ̀ àti ẹni tí yóò gbà á sílé ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Àìsí owó yìí ni ó ń já a kúrò, kì í ṣe àìgbọ́n.

Bẹ́ẹ̀ sì ni omi wà nílé. Ìsédò Ìkéré Gorge lórí odò Ògùn, nítòsí Ìṣẹ́yìn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láyé ìjọba Shehu Shagari, ni wọ́n pète pé yóò mú iná mànàmáná jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná náà kò jáde. Ìran kan sì dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà láìrí ẹ̀rọ tí à bá fi kọ́ wọn.

Ẹ̀rọ wọ inú ọgbà

Ọ̀nà kẹta ni Energizing Education Programme ti Rural Electrification Agency. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ parí ibùdó iná oòrùn mẹ́gáwáàtì 2.8 ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Ndufu-Alike, Ìpínlẹ̀ Èbónyì, àti ti mẹ́gáwáàtì 7.1 ní Bayero University, Kánò. Ilé ìkọ́ṣẹ́ wà nínú àdéhùn náà, wọ́n sì fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wọ iṣẹ́ náà. Níbí, ẹ̀rọ ni ó tọ akẹ́kọ̀ọ́ wá.

Àgbálọgbábọ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òkè-Ògùn ní oòrùn àti omi. Ó ní The Oke-Ogun Polytechnic ní Ṣakí. Òfin iná mànàmáná 2023 sì ti fún ìpínlẹ̀ láǹfààní láti ṣètò ọjà iná tirẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ gbé iná oòrùn wá sí Kájọlà, ó yẹ kí ìkọ́ṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, títí dé orí àtúnṣe ẹ̀rọ àti ìṣirò owó rẹ̀. Ìrìn-àjò ọjọ́ kan tí ó parí sí fọ́tò yíyà kò tó. Òṣùwọ̀n tí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn fi lélẹ̀ ni ó yẹ kí a fi wọn irú àjọṣe bẹ́ẹ̀: ǹjẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè di ọ̀gá nínú rẹ̀?