Steroid fún asthma: inhaler táwọn èèyàn ń bẹ̀rù, àti hóró oògùn tí wọn kò bẹ̀rù

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, kì í ṣòro láti rí oògùn asthma rà. Ẹni tí èémí ò já geere fún á dé kẹ́míìsì, á ṣàlàyé ara rẹ̀, wọ́n á sì ka hóró oògùn kéékèèké sínú ọ̀rá fún un. Tó bá jẹ́ prednisolone tàbí dexamethasone ló wà nínú ọ̀rá náà, àyà á fúyẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀, onítọ̀hún á sì padà wá rà á nígbà míì. Ẹni yìí kan náà lè kọ inhaler tí dókítà kọ fún un, torí wọ́n ti sọ fún un pé steroid wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé steroid ni prednisolone, steroid sì ni dexamethasone. Láàárín èyí tí à ń fín sẹ́nu àti èyí tí à ń gbé mì, èyí tí à ń gbé mì ló yẹ kí èèyàn ṣọ́ra fún jù.

Kí ni steroid?

Ara èèyàn fúnra rẹ̀ ń ṣe irú steroid kan tó ń jẹ́ cortisol. Ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín ló ń pèsè rẹ̀. Òun ló ń bá ara ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti bí ara ṣe ń kojú àìsàn. Ní 1948, àwọn dókítà Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà fi irú rẹ̀ kan, cortisone, tọ́jú aláìsàn tí oríkèé ara rẹ̀ wú. Iṣẹ́ náà ló gba ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn fún Philip Hench, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein ní 1950. Kì í ṣe steroid táwọn tó ń gbé irin ń lò kí iṣan wọn lè tóbi là ń sọ níbí o.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe nínú asthma?

Nínú asthma, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró máa ń wú láti inú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dí i, iṣan tó yí i ká á sì fún pọ̀. Eruku, òtútù, èéfín jẹnẹrétọ̀, èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, eruku bébà àti òórùn yíǹkì láwọn ilé ìtẹ̀wé tó pọ̀ ní Ṣómólú, gbogbo rẹ̀ ló lè ru ú sókè.

Inhaler aláwọ̀ búlúù, ìyẹn salbutamol tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ventolin, máa ń tú iṣan náà sílẹ̀ kíá, àmọ́ kì í wo wíwú náà. Steroid ló ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí GINA, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú asthma jáde, fi sọ ní 2019 pé kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ má ṣe máa lo salbutamol nìkan mọ́. Ìlànà wọn tún sọ pé ẹni tó bá lo agolo salbutamol oní-fífín 200 tó 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún kan wà nínú ewu kí asthma kọlù ú gidi. Tó bá tó 12, ewu ikú ń pọ̀ sí i.

Inhaler oní-steroid: kí ni ìpalára rẹ̀?

Beclometasone, budesonide àti fluticasone ló wọ́pọ̀ nínú inhaler oní-steroid. Ìpalára tí wọ́n sábà máa ń fà ni ohùn tó há, ọ̀fun tó ń rin èèyàn, àti nǹkan funfun tó ń hù sórí ahọ́n àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oògùn tó kù sẹ́nu, tí kò dé ẹ̀dọ̀fóró, ló ń fà á. Lẹ́yìn tí ẹ bá fín in tán, ẹ fi omi yọ ẹnu dáadáa títí dé ọ̀nà ọ̀fun, kí ẹ sì tu ú dànù. Ẹ má gbé e mì.

Ike tí wọ́n ń pè ní spacer, tó máa ń wà láàárín ẹnu àti inhaler, tún ń jẹ́ kí oògùn dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹni tí kò bá lówó spacer ṣì ní ọ̀nà àbáyọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọdé ní Cape Town, tó jáde ní 1999, fi hàn pé ike ohun mímu 500ml tí wọ́n lu ihò sí ní ìdí, tí wọ́n ki inhaler bọ̀, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ bíi spacer tí wọ́n ń rà. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín.

Àwọn òbí máa ń bẹ̀rù pé ọmọ ò ní ga. Ìwádìí kan tó tẹ̀lé àwọn ọmọ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà títí wọ́n fi dàgbà, tó jáde ní 2012, fi hàn pé àwọn tó lo budesonide lọ́mọdé fi nǹkan bíi 1.2cm kúrú ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ìyẹn ò tó ìbú àtàǹpàkò. Asthma tí kò ní ìtọ́jú, ẹ̀mí ọmọ ló lè gbà.

Tí ìwọ̀n inhaler bá pọ̀ gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún, awọ ara lè fúyẹ́, egungun lè di ẹlẹ́gẹ́, ojú sì lè máa ṣe bàìbàì. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń dín in kù bí asthma bá ti rọlẹ̀. Aláboyún ò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ dá a dúró, torí asthma tó ń da ara láàmú léwu fún òun àti oyún ju oògùn náà lọ.

Hóró oògùn tí à ń gbé mì

Prednisolone kì í ṣe ọ̀tá. Bí asthma bá kọluni tó le, ó ń gba ẹ̀mí là. Ìlànà ni 40 sí 50mg lójúmọ́ fún àgbàlagbà, fún ọjọ́ 5 sí 7. Ti ọmọdé sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 3 sí 5, bí ọmọ bá sì ṣe wúwo tó ni dókítà fi ń ṣírò rẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Àgbàlagbà tó ń lo budesonide ìwọ̀n kékeré máa ń fín 200 sí 400 microgram lójúmọ́. Hóró prednisolone 5mg mẹ́jọ jẹ́ 40mg, ìyẹn 40,000 microgram. Agbára oògùn méjèèjì ò rí bákan náà, nítorí náà ewu wọn ò fi ìlọ́po 100 ju ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ni ti inhaler ń lọ tààrà, díẹ̀ ló ń dénú ẹ̀jẹ̀. Hóró oògùn, gbogbo ara ló ń rìn kiri.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó lè fa ebi àpajù, àìrí oorun sùn, ìbínú òjijì, inú tó ń ta, ṣúgà àti ìfúnpá tó ń lọ sókè. Ẹni tó bá gbé e mì pọ̀ mọ́ ibuprofen tàbí diclofenac ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ọgbẹ́ inú.

Tó bá pẹ́ lára, ojú á wú, á yípo bí òṣùpá. Ọ̀rá á jókòó sí ikùn àti ẹ̀yìn ọrùn, apá àti ẹsẹ̀ á máa tín-ín-rín. Àwọn ará àdúgbò á ní ara ti ń bọ̀ sípò, ó ti ń sanra. Kì í ṣe ìlera rárá. Ohun tó ń tẹ̀lé e ni àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, egungun tó ń tètè ṣẹ́, funfun tó ń bo ẹyinjú, àti ikọ́ ife tó ti sùn nínú ara tó tún jí.

Kì í ṣe ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ nìkan ló kàn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 lórí àwọn alásthma ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ewu irú àwọn àìsàn wọ̀nyí ti ń pọ̀ sí i bí gbogbo steroid tí èèyàn ti gbé mì láyé rẹ̀ bá tó ìdajì gíráàmù sí gíráàmù kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: 40mg fún ọjọ́ 5 jẹ́ 200mg. Ẹ̀ẹ̀mẹrin irú rẹ̀ ti di 800mg. Ẹni tó ń rà á ní kẹ́míìsì ní gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ tàbí òjò bá dé, ọdún mélòó ni yóò fi dé ibẹ̀?

Dexamethasone tún lágbára jù ú lọ. 0.75mg rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú 5mg prednisolone. Hóró 0.5mg mẹ́ta, tó kéré lójú báyìí, jẹ́ 10mg prednisolone.

Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì

Tí steroid bá ti ń wọlé láti ìta fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àwọn ẹ̀yà ara orí kíndìnrín á sinmi, wọn ò ní ṣe cortisol mọ́. Bí èèyàn bá wá já oògùn náà dànù lọ́jọ́ kan, ara á ṣófo. Àárẹ̀ tó lágbára, èébì, òòyì ojú àti ìfúnpá tó já wálẹ̀ ni àmì rẹ̀, ó sì lè pa èèyàn. Ẹni tó bá ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lọ, dókítà ló yẹ kó dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀wọ́n inhaler

Ìwádìí jákèjádò Nàìjíríà tí Obianuju Ozoh ti College of Medicine, Yunifásítì Èkó, ṣáájú, tó jáde ní 2019, fi hàn pé nǹkan bíi ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní asthma, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 èèyàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé iṣẹ́ GSK kéde pé òun ń kó kúrò ní Nàìjíríà. Ventolin àti Seretide di ọ̀wọ́n, owó wọn fò sókè. Bí inhaler bá ti kọjá agbára ẹni, hóró oògùn olówó pọ́ọ́kú ló kù nítòsí. Àmọ́ owó tí èèyàn fi pamọ́ lónìí lè di owó oògùn àtọ̀gbẹ lọ́la.

Ohun tí ẹ lè ṣe

• Ẹ mọ orúkọ oògùn tí wọ́n kà fún yín. Ẹ má gba hóró oògùn tí kò ní páálí tàbí orúkọ.
• Orúkọ oògùn ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ míì ń ṣe budesonide àti formoterol, owó rẹ̀ sì lè dín.
• Ẹ kọ ọjọ́ àti iye prednisolone tí ẹ bá lò sílẹ̀, kí ẹ fi han dókítà. Bí ẹ bá ti lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, ẹ ní kí wọ́n tún ìtọ́jú yín yẹ̀ wò.
• Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́, kó lọ yẹ ṣúgà, ìfúnpá àti ojú wò. Ọsibítù Gbàgádà kò jìnnà sí Ṣómólú àti Bàrígà, LUTH sì wà ní Ìdí-Àràbà.

Bí aláìsàn ò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí tí salbutamol ò ràn án mọ́, ẹ pe 767 tàbí 112, kí ẹ máa gbé e lọ sí ọsibítù. Lójú ọ̀nà, ẹ fún un ní salbutamol, fífín 4 sí 10 ní ìṣẹ́jú 20-20 láàárín wákàtí àkọ́kọ́, nípasẹ̀ spacer tó bá wà. Ẹ jẹ́ kó jókòó dìde, ẹ má ṣe dá a dùbúlẹ̀.