Fálànà: Ifá ló la ọ̀nà

Ìsúnkì gbólóhùn "Ifá la ọ̀nà" ni Fálànà. Fáwẹ̀lì "i" inú Ifá já. "Ọ" inú ọ̀nà náà já, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá a lọ, ó bà lé orí "la". Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní "lànà".

Ilé babaláwo ni orúkọ báyìí ti wọ́pọ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi Ifá wo àkọsẹ̀jayé ọmọ tuntun.

Láyé àtijọ́, olúkúlùkù ló ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Ìgbà tí ilé ìwé àti ìjọba òyìnbó dé ni orúkọ baba di ti gbogbo ìdílé. Àwọn onígbàgbọ́ kan yọ Ifá, wọ́n fi Olú rọ́pò rẹ̀: Fáyẹmí di Olúyẹmí.

Fálànà kò parẹ́. Fẹ́mi Fálànà, agbẹjọ́rò ọmọ Ìlawẹ̀ ní gúúsù Èkìtì tó di SAN (Agbẹjọ́rò Àgbà Nàìjíríà) ní 2012, sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Fọlárìn ọmọ rẹ̀, olórin, gé e kúrú, ó di Falz.

Ẹ̀yin tí orúkọ yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Fá, ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.