OMI ÀTI IYỌ̀ NÍNÚ ARA ALÀÀYÈ: Ọ̀RỌ̀ ÌTÀN FÚN ÀWỌN ARÁ ÒṢÒDÌ ÀTI ÌSỌLỌ̀



Ta ni ó ti Òṣòdì kọjá ní ọ̀sán gangan tí kò gbọ́ igbe àwọn ọmọ tí ń ta omi inú ọ̀rá láàrin ọkọ̀? Oòrùn a máa pa wọ́n, òógùn a máa ṣàn lára wọn, nígbà tí òógùn náà bá sì gbẹ, a fi àmì iyọ̀ funfun sílẹ̀ lára aṣọ. Ohun kékeré ni èyí lójú, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ sọ lónìí wà: omi kì í dá rìn nínú ara. Àwọn àgbà wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n omi ní ọ̀rẹ́, iyọ̀ sì ni ọ̀rẹ́ náà.

Nínú ara àgbàlagbà, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ni ó jẹ́ omi; ti ọmọ tuntun tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Iyọ̀ inú omi yìí ti yọ́, ó sì ti pín sí wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní agbára mànàmáná díẹ̀ lára. Àwọn wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Sódíọ̀mù ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Pòtásíọ̀mù, tí a ń rí nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi àgbọn, ni ó pọ̀ jù nínú àwọn yàrá kéékèèké tí a fi mọ ara. Nípa àlọ àti àbọ̀ àwọn méjèèjì ni iṣan fi ń jíṣẹ́, tí ọkàn sì fi ń lù. Kálísíọ̀mù a máa mú egungun le. Irin wà lára ohun tí ó mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Àìní áyódíìnì a sì máa fa gẹ̀gẹ̀. Ewéko pẹ̀lú ń fi gbòǹgbò fa irú èròjà bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ omi ilẹ̀.

Ọ̀nà jíjìn ni ìmọ̀ yìí ti wá. Ní ọdún 1831, nígbà tí àrùn onígbáméjì ń pa ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William O'Shaughnessy yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò, ó sì rí i pé omi àti iyọ̀ ti dín kù nínú rẹ̀. Ní ọdún 1832, Thomas Latta, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Scotland, fa omi oníyọ̀ sí iṣan wọn, àwọn kan tí a ti sọ ìrètí nù lórí wọn sì sọjí. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn èyí, Sydney Ringer rí i pé ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ń lù pẹ́ nínú omi oníyọ̀ tí a fi omi ẹ̀rọ ìlú London pò. Nígbà tí a fi omi tí kò ní ohunkóhun nínú pò ó, ọkàn náà dákẹ́. Àṣé kálísíọ̀mù inú omi ẹ̀rọ ni ó ti ń gbé e ró!

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sílé. Onígbáméjì wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní òpin ọdún 1970, àwọn tí a kà pé ó mú ní 1971 sì ju 22,000 lọ. Ìgbẹ́ gbuuru lásán pẹ̀lú a sì máa pa ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún rántí ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá ń sọ nígbà náà: "Ẹ má fún un lómi, omi náà ni ó ń yà jáde." Kì í ṣe ìkà ni ó mú wọn sọ ọ́, ohun tí ojú wọn rí ni. Omi lásán kò lè dá iyọ̀ tí ọmọ ti pàdánù padà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi omi dù ú, ojú rẹ̀ a jìn, àwùjẹ rẹ̀ a wọnú, ẹkún rẹ̀ kì í sì í lómijé mọ́.

Ní ọdún 1960 ni Robert Crane ṣàlàyé ní Prague pé ọ̀nà kan wà lára ìfun tí sódíọ̀mù àti ṣúgà jọ ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá ti wọlé, omi a tẹ̀ lé wọn. Onígbáméjì kì í dí ọ̀nà yìí. Ní 1968, David Nalin àti Richard Cash fi í ṣe ìtọ́jú ní Dhaka. Ní 1971, nígbà ogun Bangladesh, Dilip Mahalanabis ń tọ́jú àwọn asásálà ní Bangaon ní ilẹ̀ Íńdíà. Omi tí à ń fà sí iṣan kò tó mọ́. Ó po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, ó sì ní kí àwọn ẹbí máa fún aláìsàn wọn mu. Níbi tí nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ti ń kú, àwọn tí ń kú kò tó 4 mọ́.

Láàrin wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ni òpó ẹ̀kọ́ yìí. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, àlùfáà sì ni bàbá bàbá rẹ̀; ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ aláìsàn ni òun ti ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ Mínísítà Ìlera, láti 1985 títí di 1992, àwọn nọ́ọ̀sì àti rédíò kọ́ àwọn ìyá ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà káàkiri ilẹ̀ yìí.

Iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ilé-iṣẹ́ omi Ìjú ti wà láti 1910, ti Adíyàn láti 1991. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ni omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé, kànga ni wọ́n gbójú lé, àwọn mìíràn sì ń ra omi. Bí kànga bá súnmọ́ ṣáláńgá, tí òjò sì kún, ohun tí a ń fà kì í ṣe omi nìkan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, onígbáméjì tún bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó.

Nítorí náà, ẹ máa se omi mímu, ẹ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ lo ìyẹ̀fun iyọ̀ tí ilé ìwòsàn ń fúnni. Bí kò bá sí, ẹ mú líta kan omi mímọ́, èyí tí í ṣe ọ̀rá méjì tí a kọ 50cl sí lára. Ẹ fi ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ àti ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà sí i, kí ṣíbí má ṣe kún kọjá etí, nítorí àpọ̀jù iyọ̀ léwu. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fún un, ẹ má dá ọmú dúró, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn ìyá wa kò mọ̀; àwa mọ̀. Bí ọmọ kan bá tún gbẹ kú ní àdúgbò wa, nígbà tí omi, iyọ̀ àti ṣúgà wà nílé, kí ni a ó rí sọ?