Yíyan Bráúsà àti Ojúewé Ìbẹ̀rẹ̀

Bráúsà ni ètò orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ó ń lọ gba ojúewé tí ènìyàn béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán inú rẹ̀ kí ó lè ṣeé kà. Ojúewé ìbẹ̀rẹ̀ ni èyí tí bráúsà ń gbé jáde fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti ṣí i, tàbí bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ya àwòrán ilé sí. Nítorí pé méjèèjì máa ń bá ẹ̀rọ wá láti ìsọ̀, ohun tí ẹlòmíràn ti yàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, láì mọ̀ pé àwọn lè mú òmíràn.

Tim Berners-Lee ló kọ bráúsà àkọ́kọ́ ní ọdún 1990 ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà nítòsí ìlú Geneva, ṣùgbọ́n Mosaic, tí Marc Andreessen àti Eric Bina kọ ní Yunifásítì Illinois ní ọdún 1993, ló mú kí aráàlú nífẹ̀ẹ́ sí i, nítorí pé ó ń fi àwòrán sáàárín ọ̀rọ̀. Netscape Navigator dé ní 1994, ó sì gbajúmọ̀ gidigidi. Nígbà tí Microsoft wá so Internet Explorer mọ́ Windows lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó ra kọ̀ǹpútà tuntun kò nídìí láti wá bráúsà mìíràn lọ mọ́, ọjà Netscape sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Èyí wà lára ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà fi pe Microsoft lẹ́jọ́ ní 1998.

Ní Yúróòpù, wọ́n fi yíyàn náà lé aráàlú lọ́wọ́ ní tààrà. Láti oṣù kẹta ọdún 2010 títí di 2014, Microsoft ní láti máa fi orúkọ oríṣiríṣi bráúsà han àwọn tó ń lo Windows níbẹ̀, kí oníkálùkù lè mú èyí tó wù ú. Láti oṣù karùn-ún 2011 sí oṣù keje 2012, Microsoft kò fi àwọn orúkọ náà han nǹkan bí mílíọ̀nù 15 ènìyàn, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìṣọ̀kan Yúróòpù sì bu ìtanràn mílíọ̀nù 561 yúrò lé iléeṣẹ́ náà ní 2013. Ìtanràn tó pọ̀ tó yẹn fi hàn pé ọ̀rọ̀ bráúsà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹni tó bá fẹ́ yan bráúsà níláti mọ̀ pé orúkọ wọn pọ̀ ju ẹ́ńjìnnì wọn lọ. Ẹ́ńjìnnì ni apá tó ń sọ kóòdù ojúewé di ohun tí ojú lè rí: Blink ló wà nínú Chrome, Edge, Opera àti Brave, Gecko wà nínú Firefox, WebKit sì wà nínú Safari. Nítorí náà, ẹni tó fi Chrome sílẹ̀ lọ sí Edge nítorí pé ojúewé kan kò tò dáadáa lè bá ìṣòro kan náà níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, Opera Mini gbayì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ dátà, nítorí pé sáfà Opera, ìyẹn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tó ni ín, máa ń fún ojúewé pọ̀ kí ó tó dé orí fóònù. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n ojúewé ń gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá, kò sì bọ́gbọ́n mu láti gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọ àkáǹtì báńkì. Bráúsà tí kò rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́, bí Internet Explorer tí Microsoft kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2022, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa lò ó rárá.

Owó ńlá wà nínú ohun tí bráúsà bá kọ́kọ́ fi hàn. Yahoo àti MSN ti du ipò ojúewé ìbẹ̀rẹ̀ rí. Àpótí ìwárí ni wọ́n ń du báyìí, ó sì hàn nílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà pé Google san bílíọ̀nù 20 dọ́là fún Apple ní 2022 kí Safari lè máa lo ìwárí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹ̀rọ kò ní san kọ́bọ̀ láti yí ojúewé ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ padà. Nínú Firefox orí kọ̀ǹpútà, yóò tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, yóò yan Settings, lẹ́yìn náà Home, yóò sì kọ àdírẹ́sì tó wù ú síbẹ̀, bíi yo.wikipedia.org tí í ṣe Wikipedia Yorùbá. Bí àdírẹ́sì bá ju ẹyọ kan lọ, àmì | ni yóò fi pín wọn, gbogbo wọn yóò sì jọ ṣí. Nínú Chrome, abẹ́ On startup ni irú ètò yìí wà. Bí ojúewé tí kò yàn bá ṣàdédé gba ipò náà, ètò ọ̀fẹ́ kan tó gbé sórí ẹ̀rọ ló sábà máa ń fà á, ètò náà ni yóò sì kọ́kọ́ yọ kúrò kí ó tó kọ àdírẹ́sì tirẹ̀ padà. Safari orí iPhone kò ní ààyè fún kíkọ àdírẹ́sì ojúewé ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Add to Home Screen lè gbé ojúewé èyíkéyìí sí ojú fóònù, níbi tí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan yóò ti ṣí i.