Bí Èéfín Orílẹ̀-Èdè Wa Ti Ń Ṣí Láti Ẹkùn Dé Ẹkùn

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé àti lẹ́yìn odi, èéfín tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣe dúdú tí ojú ń rí nìkan. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ń mú ayé gbóná wà nínú rẹ̀. Ìwé ìṣirò a máa kọ ọ́ sí ọrùn ibi tí iná ti jó, kì í wo ẹni tí ó jẹ àǹfààní iná náà.

Ní 1909 ni àwọn òyìnbó rí èédú nínú ilẹ̀ Udi, ní 1915 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní Enugu. Ọkọ̀ ojú irin gbé e dé Port Harcourt, ọkọ̀ òkun sì gbé e wá sí Èkó. Nígbà tí a ṣí ilé iná mànàmáná Ìjọra ní 1923, èédú yìí ni ó ń jó níbẹ̀. Ilẹ̀ Igbo ni kòtò wà. Èkó ni èéfín àti ìmọ́lẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley, nítorí ọ̀ràn owó iṣẹ́ wọn.

Epo rọ̀bì jáde ní Oloibiri ní 1956. Rélùwéè fi èédú sílẹ̀, ó gba dísẹ́ẹ̀lì; ogun 1967 sí 1970 dá iṣẹ́ kùsà dúró; ìdídò Kainji sì bẹ̀rẹ̀ sí fi omi Odò Ọya pèsè iná ní 1968. Ará Èkó lè rò pé èéfín ti tán. Ó ṣí lọ sí Niger Delta ni. Gáàsì tí ń bá epo jáde ni wọ́n ń sun tọ̀sán tòru. Òfin 1979 ní kí ó dópin ní ìbẹ̀rẹ̀ 1984, àyàfi bí Mínísítà bá fọwọ́ sí i. Inú “àyàfi” yìí ni iná náà gbà kọjá, ó sì ń jó títí di òní. Lójú tèmi, òun ni ó burú jù: ti Ìjọra tan ìmọ́lẹ̀ fún ènìyàn, ṣùgbọ́n èyí kò se ìṣasùn ọbẹ̀ kan.

Láti 1985 ni ilé iná Egbin, lẹ́bàá Ìkòròdú, ti mú èéfín padà sí ẹkùn wa, gáàsì tí a fi páìpù fà láti Delta ni ó sì ń jó. Síbẹ̀ iná kò tó, jẹnẹrétọ̀ ni ó kún àlàfo náà, lọ́dọ̀ aránṣọ, lọ́dọ̀ ọlọ́lọ, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, apá kan owó tí ẹ̀yin ará òkèèrè ń fi ránṣẹ́ sílé ń bá èéfín yìí lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ Ìgbìmọ̀ wa: kí a tó ra jẹnẹrétọ̀ fún gbọ̀ngàn ìlú, kí a kọ́kọ́ bèèrè iye tí iná oòrùn yóò ná wa.